Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀: Bí A Ó Ṣe Pín Iṣẹ́ Ìlera Tó Ń Lo Ọgbọ́n Àtọwọ́dá

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Àwọn kan a máa ní "dánú délẹ̀" dípò "dakùn délẹ̀". Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti jókòó wo alángbá dáadáa. Alángbá kì í fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kì í sì í fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìbáà yó, ìbáà jẹ́ ebi ló ń pa á, ìbáà máa yá oòrùn lórí ògiri, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọjú sí ohun tó dúró lé. Bí inú bá wá ń run ọ̀kan nínú wọn, kí la fẹ́ fi mọ̀? Èèyàn tí inú ń run a máa dọ̀bálẹ̀, a máa di ikùn mú. Alángbá ti dọ̀bálẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A sábà máa ń pa òwe náà fún ẹni tó rò pé wàhálà tòun nìkan ló wà láyé, tàbí fún ẹni tó ń fi ojú lásán ṣèdájọ́ ọmọnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò. Kò sọ pé kò sí alángbá tí inú ń run. Ó ní a ò mọ̀ ọ́n ni. Ọ̀dọ̀ àwa tí à ń wò ni àìmọ̀ náà wà. Alángbá tínú ń run mọ ara rẹ̀.

Ẹ dé ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ tó wà ní Ìgàndò ní Èkó láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rí òwe náà lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá àgbà tó fi gèlè bo ẹnu, awakọ̀ dánfó tó gbé ọwọ́ lé itan, aboyún tó ń fi káàdì fẹ́ ara rẹ̀: bákan náà ni gbogbo wọn jókòó, tí wọ́n ń retí kí wọ́n pe orúkọ àwọn. Ọ̀kan lè jẹ́ ibà lásán ló gbé e wá. Ọ̀kan lè jẹ́ pé bí wọn ò bá tètè dá a lóhùn, kò ní bá wọn délé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà ni kí wọ́n mọ èyí tínú ń run, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń wá ohun tó máa bá wọn mọ̀ ọ́n.

Ohun náà, wọ́n ní ó ti dé. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni àwọn oníròyìn ń pè é. Ní ìgboro, AI náà ni. Ohun tó mú mi gbé kálàmù ni pé òun alára ti di alángbá. Ẹ̀rọ tó ń wo fọ́tò àyà láti mọ ẹni tó ṣeé ṣe kí ikọ́ ẹ̀gbẹ máa bá jà, AI ni. Èyí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, AI ni. Èyí tó ń bá ọmọ yunifásítì sọ̀rọ̀ lórí fóònù lóru nígbà tí inú ń lọ́ ọ, AI náà ni. Èyí tí iléeṣẹ́ adójútòfò fi ń pinnu ẹni tó yẹ kí wọ́n fún ní ìtọ́jú àkànṣe ńkọ́? AI ni. Orúkọ kan, ìdọ̀bálẹ̀ kan. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà tó sì sáré yọ̀, tàbí tó sáré bẹ̀rù, ikùn alángbá ló ń wò.

Mo fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dún tó kọjá, mo rí pátákó kan lápá Ẹ̀gbẹ́dá tó sọ pé àwọn ń fi AI yẹ gbogbo ara wò, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan, láìgba ẹ̀jẹ̀, láìgba ìtọ̀. Mo wọlé. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ jókòó." Ó béèrè orúkọ mi, ọjọ́ orí mi, bí mo ṣe ga tó àti bí mo ṣe wúwo tó, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó wá fi irin kan tí wáyà wà nídìí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n dì í mú, kí n má sọ̀rọ̀. Àwòrán ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ń tàn yinrinyinrin lójú kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tí ìṣẹ́jú kan pé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ìwé lóríṣiríṣi. Ó ní ọ̀rá ti ń bo ẹ̀dọ̀ mi. Oògùn tó máa yọ ọ̀rá náà kúrò wà lórí àtẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo jáde, mo lọ mu omi, mo padà lẹ́yìn wákàtí kan, mo tún san owó, mo tún di irin mú. Ẹ̀dọ̀ mi ti sàn. Kíndìnrín ló kù.

Irú irin bẹ́ẹ̀ ti wà ní Èkó kí ariwo AI tó gba ìgboro. Nígbà náà, "quantum" ni wọ́n ń kọ sí ara pátákó. Orúkọ ló yí padà, irin ò yí padà. Bí a bá sì ń fi orúkọ pín nǹkan, inú agbọ̀n kan náà ni irin yìí àti ẹ̀rọ tó ń wo fọ́tò àyà yóò bọ́ sí. Ìdí rèé tí pínpín sọ́nà fi ṣe pàtàkì, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé tí kò ríṣẹ́ ṣe.

Pínpín náà ò sì ṣàjèjì sí wa. Ìyá alágbo tó ń tajà lẹ́bàá ọjà Ìkọ̀tún kì í ṣàdédé bu agbo fún èèyàn. Bí oníbàárà bá ní, "Ìyá, ẹ fún mi lágbo ibà," á kọ́kọ́ wò ó lójú. "Ṣé ìtọ̀ ẹ ń pọ́n? Ṣé òtútù ń mú ẹ nírọ̀lẹ́? Ṣé oúnjẹ ń wù ẹ́ jẹ?" Lọ́dọ̀ tiẹ̀, ibà lásán wà, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun wà, ìgò wọn sì yàtọ̀ síra. Bí ohun tó wà nínú ìgò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé kò fi orúkọ tí oníbàárà gbé wá pín àìsàn. Ohun tí àìsàn ń ṣe lára ló fi ń pín in. (Àwọn kan a máa fi ojú odù Ifá mẹ́rìndínlógún wé kọ̀ǹpútà níbi báyìí, wọ́n á ní àwọn baba wa ló kọ́kọ́ ṣe é. N kò ní bá wọn lọ síbẹ̀. Ifá kò nílò kí kọ̀ǹpútà jẹ́rìí fún un.)

Àwọn tó gbé inú rírun gan-an lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ láyé àtijọ́, ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà. Dókítà F. T. de Dombal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìtàn àwọn tí inú rírun òjijì gbé dé ilé ìwòsàn jọ: ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló sún lọ, ṣé èébì wà níbẹ̀, ibo ló ń dùn ún bí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà á wá ṣírò ohun tó ṣeé ṣe jù pé ó ń ṣe aláìsàn náà. Ní 1972 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Nínú aláìsàn 304, kọ̀ǹpútà gbà á ní ìdá 91.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Àgbà dókítà tó wà níbẹ̀ gbà á ní 79.6. Ariwo ta. Nígbà tó yá, wọ́n gbé iṣẹ́ náà dé Copenhagen ní ilẹ̀ Denmark, kò sì mọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Inú àwọn ará Leeds ló fi kọ́ṣẹ́. Bí àwọn ará Copenhagen ṣe ń ròyìn inú rírun, àti irú àìsàn tó wọ́pọ̀ láàárín wọn, kò bá ohun tó kọ́ mu. Àádọ́ta ọdún ó lé ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ òun náà ló máa bá wa délé ní Alímọ̀ṣọ́.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti gbìyànjú láti pín in. Ní 2018 wọ́n gbé ìlànà kan jáde tó pín gbogbo iṣẹ́ ìlera tó ń lo kọ̀ǹpútà àti fóònù, wọ́n sì tún un ṣe ní 2023. Ẹni tí ohun èlò náà wà fún ni wọ́n fi pín in sí mẹ́rin: èyí tí ará ìlú fúnra rẹ̀ ń lò, èyí tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera, èyí tí àwọn alákòóso ń lò, àti èyí tó ń kó àkọsílẹ̀ jọ tó sì ń gbé e kiri. Ìpín tó dára ni. Kò béèrè bí ọpọlọ ẹ̀rọ náà ṣe gbọ́n tó. Ó béèrè ọwọ́ ẹni tó wà.

Lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ni iṣẹ́ tó lójú jù wà, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ sórí ọ̀kan níbẹ̀. Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè 30 tí WHO kà sí ibi tí ẹrù ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wúwo jù. Fọ́tò àyà a máa fi àmì rẹ̀ hàn nígbà tí ẹni náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ pàápàá, ṣùgbọ́n ẹni tó lè ka fọ́tò náà kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti jápa. Ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò náà ti wá kéré báyìí débi pé wọ́n lè gbé e lọ́wọ́ dé ọjà tàbí gàrèèjì. Wọ́n á ní kí èèyàn dúró, kó gbé àgbọ̀n sókè, kó fa èémí sínú, kó dá a dúró. Kí ó tó bọ aṣọ padà tán, èsì ti dé ojú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́: àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí ibi tó fura sí pọ́n bí ẹní ta epo sí i, àti nọ́ńbà kan. CAD4TB tí Delft Imaging ti ilẹ̀ Netherlands ṣe a máa fún un ní nọ́ńbà láti 0 dé 100. qXR ti Qure.ai ní ilẹ̀ Íńdíà náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2021, WHO fọwọ́ sí i pé a lè fi irú ẹ̀rọ yìí rọ́pò ojú èèyàn nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 15 sókè. Nílẹ̀ wa níbí, ọkọ̀ Wellness on Wheels tí KNCV, àjọ tó ń gbógun ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, gbé kiri lò ó. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun náà ti rí irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tí Institute of Human Virology ṣe pẹ̀lú owó Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kò sọ pé, "Ẹni yìí ní ikọ́ ẹ̀gbẹ." Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀." Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ló ń lọ sínú ẹ̀rọ GeneXpert, tó máa mú èsì jáde láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, èsì yẹn ni dókítà ń tẹ̀ lé. Asẹ́ ni ẹ̀rọ fọ́tò, bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì: eérí lókè, ògì nísàlẹ̀. Èèyàn ló sì ń pinnu bí ojú asẹ́ ṣe máa fẹ̀ tó. Bí àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ náà bá ní láti 40 sókè ni kí wọ́n ti máa gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ pàdánù aláìsàn, ṣùgbọ́n owó GeneXpert á pọ̀. Bí wọ́n bá gbé e sí 70, owó á dínkù, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 65 á sì padà sílé, á máa wúkọ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ lára. Ọwọ́ ẹ̀rọ kọ́ ni ìpinnu yẹn wà. Ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀rí ọkàn ni.

Ẹ wá fojú inú wò ó pé a gbé ẹ̀rọ yìí kan náà, láìyí ohunkóhun nínú rẹ̀ padà, lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí kò ní GeneXpert nítòsí. Wọ́n ya fọ́tò, nọ́ńbà jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn oṣù mẹ́fà fún aláìsàn lórí nọ́ńbà náà nìkan. Ẹ̀rọ tó jẹ́ asẹ́ lánàá ti di adájọ́ lónìí. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ìpín WHO tó fúnra rẹ̀. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ni ẹ̀rọ náà wà níbi méjèèjì, síbẹ̀ kì í ṣe inú agbọ̀n kan náà ló yẹ ká kó o sí.

Àjọ kan tó kó àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó irinṣẹ́ ìwòsàn ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ, tí wọ́n ń pè ní IMDRF, ti rí ìṣòro yìí ní 2014. Ohun méjì ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Èkíní, báwo ni àìsàn náà ṣe le tó: ṣé ó lè pani, àbí ó kàn ń dáni láàmú? Èkejì, báwo ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ṣe wúwo tó: ṣé ìmọ̀ràn ni, ṣé ó ń darí ohun tí dókítà máa ṣe, àbí òun gan-an ni ìdájọ́? Wọ́n da méjèèjì pọ̀, wọ́n rí ìpele mẹ́rin, èyí tó kẹ́yìn ló sì ń fẹ́ ìṣọ́ jù. Èmi nífẹ̀ẹ́ ìpín yìí ju ti WHO lọ, torí ó sún mọ́ ìbéèrè ìyá alágbo.

Ẹ fi wo Ubenwa. Igbe ọmọ ni orúkọ náà túmọ̀ sí lédè Ìgbò. Charles Onu, ọmọ Nàìjíríà kan tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ìlú Montreal ní Kánádà ni iléeṣẹ́ náà sì wà. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ láti gbọ́ igbe ọmọ tuntun kó lè mọ èyí tí afẹ́fẹ́ kò tó ọpọlọ rẹ̀ nígbà ìbí. Ìyá àgbà ilé yín lè rẹ́rìn-ín sí èyí. Ó ti pẹ́ tó ti ń pín igbe ọmọ: igbe ebi yàtọ̀, igbe oorun yàtọ̀, igbe ọmọ tínú ń lọ́ yàtọ̀. Ohun tí etí ìyá àgbà ò kọ́ ni igbe ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa, torí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tó kí ó mọ igbe rẹ̀. Ọmọ ọjọ́ kan ni, àìsàn náà lè pa á tàbí kó ba ayé rẹ̀ jẹ́, kò sì lè sọ tẹnu rẹ̀. Ìpele tó ń fẹ́ ìṣọ́ jù nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù lásán ni wọ́n fi ń gbọ́ igbe náà. Ti Intron, iléeṣẹ́ tí Dókítà Tobi Olatunji dá sílẹ̀ láti máa kọ ọ̀rọ̀ tí dókítà bá sọ sílẹ̀, fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: dókítà á ka ohun tí ẹ̀rọ kọ kó tó fọwọ́ sí i. Ó fúyẹ́ o, àmọ́ bí ẹ̀rọ bá gbọ́ "15" dípò "50" lórí ìwọ̀n oògùn tí ẹni tó rẹ̀ kò sì kà á lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ti àwọn alákòóso, mo máa yára kọjá níbẹ̀, nítorí pé aláìsàn kì í fojú rí i. Ní 2019, Ziad Obermeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń yan àwọn tó yẹ fún ìtọ́jú àfikún ń fi àwọn aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn. Wọn ò kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kó kórìíra ẹnikẹ́ni. Owó tí wọ́n ti ná lórí aláìsàn ló fi ń mọ bí àìsàn rẹ̀ ṣe le tó, owó tí wọ́n ń ná lórí aláwọ̀ dúdú sì kéré. Nílé wa níbí, ẹ wo iye àwọn tó ń gbé Alímọ̀ṣọ́. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní 1,277,714 ni wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ka tirẹ̀ ní 2,047,026 ni wá. Ẹ kọ́ ẹ̀rọ kan pẹ̀lú nọ́ńbà àkọ́kọ́ kó lè pín abẹ́rẹ́ àjẹsára, kó sì gbé e dé Ìgàndò, Ìdímù àti Ayọ̀bọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní bá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì sọ pé òun pín in pé.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọwọ́ ará ìlú, ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. ChatGPT jáde ní November 2022. Láti April 2024 ni òrùka aláwọ̀ búlúù ti Meta AI ti dé orí WhatsApp ní Nàìjíríà. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún ìwòsàn nínú méjèèjì, èèyàn sì ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ara wọn lójoojúmọ́. Bí mo bá máa sọ òótọ́, àwọn ohun èlò báyìí, tí kò jókòó sábẹ́ orúkọ ìlera rárá, ni ilé ìwòsàn AI tó tóbi jù ní Alímọ̀ṣọ́: kò sí bẹ́ǹṣì, kò sí káàdì, dátà nìkan.

Ìyá kan wà nínú ọgbà tí mò ń gbé ní Ìdímù, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Orí ń fọ́ mi láti àná, òòyì ń kọ́ mi, àyà mi sì ń já." Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ka èsì fún un: "Màmá, wọ́n ní kí ẹ má bẹ̀rù. Kí ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ mu omi, kí ẹ sùn."

Ìyá náà wò ó. "Ta ló sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí?"

Mo gba fóònù, mo wo ohun tó tẹ̀. "Àyà mi ń já" ti di pé ẹ̀rù ń ba ìyá àgbà. Òòyì ti di pé ó rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. A gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan lójúlé kẹta. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 190 lórí 110. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ pẹ̀lú oògùn, mo ní kí ọmọ náà tún un tẹ̀: ọjọ́ orí, orí fífọ́, òòyì, ọkàn tó ń lù kìkì. Ẹ̀rọ náà dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn. Àárín ẹnu ìyá àgbà àti ìka ọmọ náà ni nǹkan ti bàjẹ́. Copenhagen dé Ìdímù.

Èdè wa ò sì ràn án lọ́wọ́. Inú mi dùn, inú bí mi, inú ń run mí: inú kan náà, ọ̀kan ṣoṣo ló nílò dókítà nínú wọn. Ohun tó dùn lè jẹ́ oyin. Ohun tó dùn mí lè jẹ́ eegun tó kán. Ẹni tó bá tẹ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, "o n bi" lè jẹ́ pé ó ń bì, ó sì lè jẹ́ pé ó ń bímọ. Àkójọ ohùn AfriSpeech tí Olatunji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2023 ní wákàtí 200 ọ̀rọ̀ láti ẹnu àwọn èèyàn 2,463, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí ahọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ń sọ ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, dókítà ló sì máa ràn lọ́wọ́ jù. Ìyá Ìdímù kì í ṣàìsàn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní April 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn máa kọ́ ẹ̀rọ tó gbọ́ àwọn èdè wa, pẹ̀lú iléeṣẹ́ Awarri; ọjọ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ "àyà mi ń já" tó sì béèrè pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀rù ni àbí ọkàn yín ló ń sáré?", ọjọ́ yẹn ni mo máa gbà pé ó ti kọ́ṣẹ́.

Irú ọpọlọ kan náà tó wà lórí fóònù ọmọ yẹn, wọ́n ti gbé e sẹ́yìn òṣìṣẹ́ ìlera ní Nairobi. Ilé ìwòsàn Penda Health lò ó níbi 15, wọ́n sì ròyìn rẹ̀ ní 2025: nínú àbẹ̀wò aláìsàn 39,849, àṣìṣe nínú mímọ àìsàn dínkù ní ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tó lò ó, ti ìtọ́jú sì dínkù ní 13. Ibẹ̀, ẹ̀rọ náà kì í bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Etí òṣìṣẹ́ ló ń fọ̀rọ̀ sí: "Ṣé ẹ ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?" Òṣìṣẹ́ lè gbà, ó lè kọ̀. Ibi tí a gbé e sí ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́.

Ó yẹ kí n dárúkọ àwọn tí kì í ṣe alángbá rárá, tí a kàn ń fi jọ ọ́. Nọ́ńbà tí ẹ ń họ lára páálí oògùn ibà, tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ayédèrú ni, tí NAFDAC gbé kalẹ̀ ní 2010, kò ní ọgbọ́n àtọwọ́dá kankan nínú. Ìwé orúkọ ni, ó kàn ń wá nọ́ńbà náà nínú ìwé. RxScanner tí Adebayo Alonge, apòògùn tó kàwé ní Ìbàdàn, ṣe yàtọ̀ sí i: ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn sí oògùn náà, ẹ̀rọ tó ti kọ́ bí ojúlówó ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà á sì sọ èrò rẹ̀. Àkọ́kọ́ lè mọ ayédèrú páálí, ìkejì ń wo hóró oògùn fúnra rẹ̀. Dókítà tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, èèyàn ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó AI lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá wá bi mí pé báwo ni èmi ṣe ń pín in, n kì í béèrè iléeṣẹ́ tó ṣe é mọ́. Mo ń béèrè pé bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí bá ṣìnà, inú ta ló máa run, àti pé èèyàn wo ló dúró láàárín ọ̀rọ̀ náà àti ara aláìsàn. Ẹ̀rọ fọ́tò àyà tí GeneXpert wà lẹ́yìn rẹ̀, mo máa gbé àyà fún un lọ́la. Fóònù tí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ń túmọ̀ fún, n kò ní fi ìyá mi lé e lọ́wọ́. Òfin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀: òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ẹni tí ààrẹ fọwọ́ sí ní June 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó gba ìpamọ́ àrà ọ̀tọ̀, ó sì fún wa lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe dá ṣèpinnu tó wúwo lórí wa. Ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ni ín kò bá béèrè, inú ìwé ló ń sùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá kọjá lápá Ẹ̀gbẹ́dá tí wọ́n ní kí ẹ wá di irin mú, ẹ bi wọ́n léèrè dókítà tó máa fọwọ́ sí ìwé náà. Èmi bi wọ́n, lẹ́ẹ̀kejì tí mo lọ. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún kúnlẹ̀ díẹ̀. "Kò sí dókítà níbí sà," ó ní. "AI ni."